Kíkan Epo, Kíkan Amọ̀: Ìtàn Wíwọn Ásíìdì ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ásíìdì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni èyí tó ń ṣàn: omi ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan, omi bátìrì ọkọ̀. Èyí tí àwọn ilé-ìfọpo ń lò kì í ṣàn rárá. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, ó rí bí amọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ènìyàn lè bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ kó má mọ nǹkankan lára, síbẹ̀ agbára ásíìdì tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ lè ju ti omi bátìrì lọ. Kátálíìsì ni wọ́n ń pè é: ó ń mú kí epo rọ̀bì tó ki fọ́ wẹ́wẹ́ di bẹntiróòlù, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í bá iṣẹ́ náà tán. Ẹni tó fẹ́ ṣe irú ìyẹ̀fun yìí, tàbí tó fẹ́ rà á, gbọ́dọ̀ mọ iye ásíìdì tó wà lára rẹ̀, kó sì mọ bí agbára ásíìdì náà ṣe tó. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, méjì nínú ẹkùn márùn-ún tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ìtàn wíwọn kíkan ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí ilé-ìfọpo kankan tó débẹ̀. Lórí epo pupa ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní December 1851, Ẹ̀pẹ́ ló tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn olóyè àti ọmọ ogun rẹ̀. Ní September 1854, òun àti Consul Benjamin Campbell ṣe àdéhùn níbẹ̀. Kòsọ́kọ́ jáwọ́ nínú òwò ẹrú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé Palma tó wà létí òkun ni èbúté tirẹ̀. Epo ni ohun tí wọ́n ń retí pé yóò rọ́pò ẹrú. Palma yìí, níhà Orímẹ̀dú, wà ní etíkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí òde òní, ní etíkun kan náà tí ilé-ìfọpo Dangote dúró sí.

Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, òwò náà kò bá a lọ. Ní ọjà Ẹ̀jìnrìn, létí ọ̀sà níhà ìwọ̀-oòrùn Ẹ̀pẹ́, ni àwọn ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé àwọn oníṣòwò Èkó. Ìkòròdú ni ẹnu ọ̀nà àwọn ará Rẹ́mọ. Ọ̀nà Ìkòròdú níye lórí débi pé nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kó ọmọ ogun láti Èkó lọ tú wọn ká ní March 1865. Ní 1892, Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n fi ja ogun Ìmagbọ̀n ní oṣù May. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà òwò ló wà nídìí ogun méjèèjì, epo pupa sì wà lára ẹrù pàtàkì tó ń gba ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn kọjá. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 ni ọ̀pọ̀ ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lórí ọ̀sà.

Epo tó gba Èkó lọ sí Liverpool ní orúkọ rere. Epo rírọ̀ ni, owó tí wọ́n ń san lé e sì ju ti epo líle tó ń wá láti apá ibòmíràn ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kíkan ló fa ìyàtọ̀ náà. Epo jẹ́ ásíìdì ọ̀rá tí glycerine so pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Michel Chevreul, onímọ̀ ọmọ Faransé, ló tú ìdí èyí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1823. Èròjà kan wà nínú ẹran ẹyìn tó ń gé ìdè náà. Bí ẹyìn bá ti fara gbọgbẹ́, èròjà yìí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ásíìdì a sì máa já sílẹ̀ ní wákàtí sí wákàtí. Ooru ló ń pa á. Àwọn obìnrin tó ń ṣe epo ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń se ẹyìn kí wọ́n tó gún un nínú odó tàbí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ nínú ẹbu, nítorí náà èròjà yìí kì í ráyè ṣọṣẹ́ púpọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹyìn jẹrà kó lè rọ̀ láìlo iná púpọ̀, epo tó ń dì gbagidi tó sì kan ni wọ́n ń rí. Owó tí Èkó rí gbà lórí orúkọ rere epo rẹ̀, orí iná àwọn obìnrin ẹbu wọ̀nyẹn ló ti wá, ìtàn òwò kì í sì í sábà dárúkọ wọn.

Ahọ́n ni òṣùwọ̀n wọn. Epo tó ti kan a máa họ ọ̀fun, ẹni tó ń rà á lọ́jà kò sì nílò ju kó tọ́ ọ wò lọ. Àwọn aṣọṣẹ dúdú náà ń fi ahọ́n mọ̀ bóyá omi eérú ti lágbára tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdìkejì ásíìdì ni omi eérú. Bí kò bá tíì ta ahọ́n, wọ́n á dà á padà sórí eérú tuntun kó tún ro. Ọgbọ́n yìí péye fún iṣẹ́ wọn. Ohun tí kò lè ṣe ni kó sọ iye kan tí ẹni tó wà ní Liverpool àti ẹni tó wà ní Ẹ̀jìnrìn yóò jọ gbà láìjiyàn.

Ìdánwò tó sọ iye náà kò le. Wọ́n á wọn epo díẹ̀, wọ́n á yọ́ ọ nínú sípírítì gbígbóná tí kò ní kíkan tirẹ̀, wọ́n á kán phenolphthalein bíi mélòó kan sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa kán omi kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ti mọ agbára rẹ̀ sí i, wọ́n á sì máa mì í. Sódà tó kọ́kọ́ wọlé, ásíìdì ló ń gbé e mì. Bí ásíìdì bá ti tán, ìkán kan péré a sọ gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í ṣí mọ́. Bí epo náà bá jẹ́ gírámù 5, tí sódà náà sì jẹ́ ti agbára 0.1, mílílítà 17.6 túmọ̀ sí pé ìpín 9% epo náà ti di ásíìdì. Ìpín 9% yìí ni ààlà epo onípò kìíní nígbà tí ìjọba amúnisìn ń to epo Nàìjíríà sí ipò-ipò. Ní 1950, ẹgbẹ́ ìjọba tó ń ra irè ọ̀pẹ gbé ipò àkànṣe kalẹ̀ tó dín ààlà náà sí 4.5%, wọ́n sì ń san owó tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀, epo àkànṣe gba ipò iwájú nínú epo tí Nàìjíríà ń kó ránṣẹ́ sókè òkun. Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ni èyí ti hàn jù, nítorí pé nígbà yẹn ọ̀pọ̀ epo ilẹ̀ Yorùbá, títí kan ti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, inú ọbẹ̀ àwọn ará Èkó àti ilé ọṣẹ ló ń lọ.

Àwọ̀ pupa epo ló mú amọ̀ wọnú ìtàn náà. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ funfun àti bọ́tà aláfarawé ní Yúróòpù kò fẹ́ àwọ̀ náà. Wọ́n rí i pé bí epo gbígbóná bá gba àárín irú amọ̀ kan kọjá, amọ̀ náà a fa àwọ̀ mọ́ra. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ará Jámánì ti ń se irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ásíìdì kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó sá a, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ásíìdì tí wọ́n fi sè é ń yọ díẹ̀ nínú àwọn mẹ́tàlì inú amọ̀ náà kúrò, hàídírójìn a sì bọ́ sí àyè wọn. Amọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti di ásíìdì gbígbẹ. Carotene, èròjà tó ń fún epo ní àwọ̀ pupa, tilẹ̀ máa ń yí sí àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé bó bá fara kan amọ̀ tó lágbára bẹ́ẹ̀. Epo pupa tipa báyìí gbé àmì ásíìdì tirẹ̀ dání, kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti fi àwọ̀ wọn kíkan ohun gbígbẹ.

Láti orí epo pupa ni irú amọ̀ yìí ti bọ́ sórí epo rọ̀bì. Eugène Houdry, ẹnjiníà ọmọ Faransé, ń wá ohun tí yóò fọ́ epo tó ki di bẹntiróòlù tó dára fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ó dán oríṣiríṣi nǹkan wò kó tó rí i pé amọ̀ tí wọ́n fi ásíìdì sè ló dára jù. Ó kó iṣẹ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà ní 1930, ilé-iṣẹ́ Sun Oil sì fi ṣiṣẹ́ gidi ní Marcus Hook, Pennsylvania, ní 1937. Ní May 1942, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn ní Baton Rouge, Louisiana, níbi tí ìyẹ̀fun kátálíìsì ti ń ṣàn bí omi láàárín agbada méjì: nínú ọ̀kan ó ń fọ́ epo, nínú èkejì wọ́n ń jó èédú tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Ọ̀nà yìí ni ayé ń tẹ̀lé títí di òní.

Àwọn tó ń lò ó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ kò tíì dá wọn lójú. Láti àárín àwọn ọdún 1930 ni àwọn kan ti ń sọ pé ásíìdì ni, ṣùgbọ́n báwo ni wọn yóò ṣe wọ̀n ọ́n? Ìyẹ̀fun kò yọ́ nínú sípírítì bí epo. Bí wọ́n bá da omi lé e, omi náà a yí agbára rẹ̀ padà. Òṣùwọ̀n pH tí Søren Sørensen gbé jáde ní 1909, inú omi nìkan ló ti wúlò.

Louis Hammett ti Columbia University ló la ọ̀nà. Ní 1932, òun àti Alden Deyrup fi oríṣi aró kan wọn ásíìdì tó lágbára ju ohun tí pH lè kà lọ. Aró kọ̀ọ̀kan ní ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń yí: èyí tí ásíìdì tí kò lágbára lè yí wà, èyí tó jẹ́ pé àfi ásíìdì tó le gan-an ló lè yí i wà. Wọ́n fún ibi ìyípadà kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tí wọ́n pè ní H₀. Bí òǹkà náà bá ṣe lọ sílẹ̀ ju òdo lọ, bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì ṣe le sí. Ní 1950, Cheves Walling ronú kan ìyẹ̀fun: aró tó bá lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ yóò yí àwọ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó wà nínú ásíìdì tó ń ṣàn. H. A. Benesi, tó ń ṣiṣẹ́ fún Shell ní California, sọ èrò yìí di ìdánwò tí gbogbo ènìyàn lè ṣe ní 1956 àti 1957.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á yan ìyẹ̀fun náà nínú iná títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá, wọ́n á sì dà á sínú benzene tí kò ní omi nínú kó má bàa fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. Wọ́n á pín in sínú ìgò kéékèèké, aró kan fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Methyl red ń di pupa ní +4.8, butter yellow ní +3.3, dicinnamalacetone ní −3.0. Benzalacetophenone, tí kò ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀, ń di àwọ̀ ìyeyè ní −5.6, anthraquinone náà ní −8.2. Ìyẹ̀fun tó bá yí anthraquinone padà ní agbára ásíìdì sulphuric tó ki tó 90%. Bí wọ́n bá ti mọ agbára, iye ló kù: wọ́n á máa kán butylamine sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó wọlé, wọ́n á tún kán an, títí àwọ̀ ásíìdì á fi ṣí. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti sódà àti epo pupa, ohun tó yàtọ̀ ni pé ó gba sùúrù. Benzalacetophenone àti butter yellow nínú ìgò méjì lè fi hàn lójú ẹsẹ̀ pé kátálíìsì kan ṣì ní agbára tàbí pé ó ti kú.

Àbùkù ọ̀nà aró hàn kíá. Kátálíìsì tí epo ti sọ di dúdú kì í jẹ́ kí ojú rí àwọ̀ kankan. Èyí tó burú jù dé lẹ́yìn 1962, nígbà tí Charles Plank àti Edward Rosinski ti ilé-iṣẹ́ Mobil mú síólàìtì wọ iṣẹ́ ìfọpo. Síólàìtì jẹ́ òkúta tí ihò inú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, ihò náà kéré débi pé mọ́líkù aró kò lè wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ásíìdì rẹ̀ sì wà nínú ihò. Aró ń wọn ẹnu ọ̀nà, kò wọn inú ilé.

Àmóníà ló wọlé. Mọ́líkù rẹ̀ kéré, ó sì fẹ́ràn ásíìdì gan-an. Ní 1963, Amenomiya àti Cvetanović ní Kánádà ṣàlàyé ọ̀nà kan: jẹ́ kí ohun gbígbẹ náà fa gáàsì mọ́ra, gbá èyí tó pọ̀ jù dànù, kí o wá máa mú ooru gòkè díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa wọn ohun tó ń jáde. Nígbà tí wọ́n fi àmóníà ṣe é, ásíìdì tí kò lágbára tú u sílẹ̀ ní nǹkan bí 200 °C, èyí tó le dì í mú dé 400 °C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè méjì ló ń hàn lórí bébà, títóbi òkè kọ̀ọ̀kan sì ni iye ásíìdì. Ìṣirò lè ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀, nítorí pé alumínọ̀mù kọ̀ọ̀kan nínú síólàìtì ló ń mú ásíìdì kan wá. Nínú ZSM-5, oríṣi síólàìtì kan, tó ní sílíkọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí alumínọ̀mù kan, iye náà kò lè ju nǹkan bí mílímóòlù 1.04 nínú gírámù kan lọ. Bí ẹ̀rọ bá kà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní ohun tí kò tọ́ nínú ìdánwò náà.

Ọdún 1963 yẹn kan náà ni E. P. Parry lo pyridine àti ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí láti yanjú ìbéèrè mìíràn. Oríṣi ásíìdì méjì ló wà, bí àwọn onímọ̀ Brønsted àti Lowry ṣe sọ ọ́ ní 1923, tí Lewis náà sì sọ tirẹ̀ lọ́dún yẹn: èyí tó ń fúnni ní hàídírójìn, àti èyí tó ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra. Pyridine tó bá dúró lórí ti àkọ́kọ́ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní nǹkan bí 1540 lórí òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà, èyí tó bá wà lórí ti èkejì ní 1450. Láti ìgbà yẹn, àmóníà fún iye àti agbára, pyridine fún irú, ni ohun tí ìwé ìmọ̀ kátálíìsì gbogbo ń retí.

Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo ní 1965, nítòsí Port Harcourt. Ilé-ìfọpo Warri dé ní 1978, Kàdúná ní 1980. Ní 22 May 2023, wọ́n ṣí ti Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, tí wọ́n kọ́ láti fọ àgbá 650,000 lóòjọ́. Dísù àti epo bàálù ló kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ní January 2024, bẹntiróòlù sì tẹ̀lé e ní September. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fi kátálíìsì fọ́ ìsàlẹ̀ epo wà níbẹ̀.

Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kò sí ilé-ìfọpo tó ń fi àmóníà wọn kátálíìsì lójoojúmọ́. Ooru bí 700 °C àti oru omi nínú agbada tí wọ́n ti ń jó èédú ń lé alumínọ̀mù jáde nínú síólàìtì, ásíìdì sì ń bá a lọ. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ tó bá epo rọ̀bì wá ń pa á, bẹ́ẹ̀ náà ni èròjà náítírójìn kan. Fánádíọ̀mù ń ba síólàìtì fúnra rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà wọ́n ń bu díẹ̀ kúrò, wọ́n ń fi tuntun kún un. Èyí tí wọ́n bù ni wọ́n ń yẹ̀ wò: wọ́n á fi í fọ́ epo díẹ̀ nínú yàrá ìdánwò, wọ́n á sì fi ìmọ́lẹ̀ X wọn yàrá kéékèèké inú síólàìtì, tó máa ń sún láti nǹkan bí 24.5 angstrom sí 24.25 bí alumínọ̀mù ṣe ń jáde. Òǹkà kékeré yìí ló dúró fún kíkan. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó ń ta kátálíìsì ló sábà máa ń ṣe ìdánwò náà fún oníbàárà, gẹ́gẹ́ bí Liverpool ṣe ń pinnu ipò epo Ìjẹ̀bú nígbà kan.

Ìmọ̀ náà ti wà nílé. Ní Ahmadu Bello University, Zaria, àwọn onímọ̀ ti fi amọ̀ Kankara ní Ìpínlẹ̀ Katsina ṣe síólàìtì. Ní Obafemi Awolowo University, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ti fi eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ti kòkó sọ epo èso igi di epo dísù. Irú eérú aṣọṣẹ ni, ó wá di kátálíìsì. Aró Hammett ni àwọn onímọ̀ ń lò fún agbára irú eérú bẹ́ẹ̀ náà, ásíìdì benzoic ni wọ́n ń kán sí i dípò butylamine. Bí epo bá ti ní ásíìdì tó ju nǹkan bí 1% lọ, eérú a sọ ọ́ di ọṣẹ. Irú epo bẹ́ẹ̀ nílò kátálíìsì ásíìdì ná, epo pupa tó ti kan sì pọ̀ lọ́jà.

Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Lagos State University wà ní Ẹ̀pẹ́, nínú ẹkùn kan náà pẹ̀lú ilé-ìfọpo Dangote. Lagos State Polytechnic tó wà ní Ìkòròdú ti di Lagos State University of Science and Technology láti 2022. Ìdánwò aró kò gbà ju ààrò, ìgò, aró márùn-ún àti cyclohexane gbígbẹ lọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa fa oru benzene tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ̀rọ àmóníà wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré sí owó kátálíìsì tí ilé-ìfọpo ńlá ń rà. Kí ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn ilé-ìwé méjèèjì àti àwọn tó ń fọ epo jọ dá yàrá ìdánwò kan sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, níbi tí wọn yóò ti máa wọn kátálíìsì tí ilẹ̀ yìí ń lò, kí òǹkà rẹ̀ sì ti ibẹ̀ jáde.